Láti Ojú Ogun Sínú Igbó: Ìtàn Ìgbésí Ayé Richard St. Barbe Baker

Ìtàn ẹni tí a mú wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ìtàn pásítọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìtàn míṣọ́nnárì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kí ẹni náà di àlùfáà. Ìtàn ọ̀gá sójà kan ni, tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun, tó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, tó sì di òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó igbó ní Kẹ́ńyà àti ní Nàìjíríà wa níbí. Orúkọ rẹ̀ ni Richard St. Barbe Baker.

Ìdí méjì la fi mú ìtàn rẹ̀ wá. Èkíní ni pé inú Port Harcourt la wà. Kò sí ẹni tó ń gbé ìlú yìí tó yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún pé ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ lè bà jẹ́ lójú ẹni. Èkejì ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló kọ Mẹ́dísìn tàbí Lọ́ọ̀ sínú fọ́ọ̀mù JAMB, tó sì jẹ́ pé Fọ́rẹ́sìrì tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n fún wọn. Àwọn mìíràn sì gbà pé bí èèyàn kò bá tíì dúró sórí pẹpẹ kó wàásù, kò tíì ṣiṣẹ́ fún Ọlọ́run. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tí ọkùnrin yìí gbà, ká sì fi yẹ ara wa wò.

Ọmọ tó dàgbà sáàárín igi

Ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 1889 ni wọ́n bí Baker ní West End, nítòsí ìlú Southampton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé tí wọ́n ti ń bẹ̀rù Ọlọ́run ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ní ọgbà kan tó ti ń hu ọmọ igi, ibẹ̀ sì ni ọmọ náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin irúgbìn igi, bí wọ́n ṣe ń bomi rin ín, àti bí wọ́n ṣe ń hú u lọ gbìn síbòmíràn láìjẹ́ kí gbòǹgbò rẹ̀ já.

Ó wà ní kékeré nígbà tó dá nìkan rìn wọ inú igbó tó wà nítòsí ilé wọn. Dípò kí ẹ̀rù bà á láàárín àwọn igi ńláńlá, ayọ̀ kan wọ inú rẹ̀ tí kò lè ṣàlàyé. Títí tó fi darúgbó ló ń sọ nípa ọjọ́ yẹn bí ìgbà tí wọ́n tún òun bí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà láàárín wa náà, tó jẹ́ pé ìdí igi tàbí etí odò ni ọkàn wọn ti máa ń balẹ̀ gbàdúrà.

Ó lọ wá iṣẹ́ Olúwa ní Kánádà

Nígbà tó tó ọmọ 20 ọdún, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Kánádà. Iṣẹ́ Olúwa ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Saskatchewan, ní ìlú Saskatoon, níbi tó ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Emmanuel College tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di àlùfáà. Bíi ti ọ̀pọ̀ nínú wa, ó ní láti máa ṣiṣẹ́ pọ̀ mọ́ ìwé kíkà. Ó ní ilẹ̀ tó ń dá oko sí, ó sì tún ṣiṣẹ́ ní àgọ́ àwọn agégi.

Ohun méjì ló rí níbẹ̀ tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ní pápá, àwọn àgbẹ̀ ti gé gbogbo igi kúrò kí wọ́n lè rí ilẹ̀ gbin ọkà. Nígbà tí kò sí igi tó lè dá afẹ́fẹ́ dúró mọ́, atẹ́gùn ń gbé erùpẹ̀ ọlọ́ràá lọ. Ilẹ̀ tó dára lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn ti ń di òfo. Ní àgọ́ àwọn agégi, ó rí bí wọ́n ṣe ń gé igi lulẹ̀ tí wọ́n á mú ìwọ̀nba tí wọ́n fẹ́ nínú rẹ̀, tí wọ́n á sì fi ìyókù sílẹ̀ kó jẹrà. Kò sí ẹni tó ń ronú láti gbin òmíràn dípò rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti wù ú pé kó kọ́ nípa igbó dáadáa. Síbẹ̀, kò tíì jáwọ́ nínú èrò àtidi àlùfáà. Ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wọ Ridley Hall ní Cambridge, ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ìjọ Áńgílíkà.

Ogun dé

Ní ọdún 1914, Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀. Baker pa ìwé dé, ó wọ iṣẹ́ ológun, wọ́n sì fi í ṣe ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ń yin àgbá. Wọ́n rán an lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ẹni tó bá ti rí àwòrán ojú ogun náà yóò mọ bó ṣe rí: ilẹ̀ tí ọta ìbọn ti gbẹ́ wòòrò-wòòrò, ẹrẹ̀ tó ń gbé ènìyàn àti ẹṣin mì, àti kùkùté igi tó ti jóná níbi tó jẹ́ igbó tẹ́lẹ̀. Nínú Deutarónómì orí 20, Ọlọ́run kọ̀ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì láti gé àwọn igi eléso tó yí ìlú tí wọ́n bá gbógun tì ká. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń pe ara wọn ní ti Kristẹni ló ń jagun ní ilẹ̀ Faransé, àmọ́ kò sẹ́ni tó rántí òfin yẹn. Àgbá tí àwọn ọmọ ogun bíi Baker ń yìn wà lára ohun tó ń ba igbó náà jẹ́.

Ó fara gbọgbẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ọdún 1918, wọ́n dá a padà sílé nítorí ara rẹ̀ kò lè gbé iṣẹ́ ogun mọ́. Ó wá ku kí ló fẹ́ ṣe. Ìwé àlùfáà wà níbẹ̀ tó lè padà sí, kò sì sẹ́ni tí yóò bá a wí bó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ nípa igbó ló padà lọ kọ́ ní Cambridge. Nígbà tó parí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà á sí iṣẹ́, wọ́n sì fi í ṣe igbákejì ọ̀gá tó ń mójú tó igbó ní Kẹ́ńyà ní ọdún 1920.

Iṣẹ́ Ọlọ́run ni igi gbígbìn

Ohun tó bá ní Kẹ́ńyà kò dára. Láàárín àwọn Kíkúyú, àṣà oko dídá ni pé kí wọ́n ṣán igbó, kí wọ́n sun ún, kí wọ́n gbin nǹkan síbẹ̀ fún ọdún díẹ̀, kí wọ́n sì ṣí lọ síbòmíràn. Bí ilẹ̀ bá pọ̀, àṣà yìí kò burú, torí igbó á tún padà hù. Àwa Yorùbá náà ń fi ilẹ̀ oko sílẹ̀ kó sinmi kó tún di igbó. Àmọ́ àwọn òyìnbó ti gba èyí tó dára jù nínú ilẹ̀ àwọn Kíkúyú. Ilẹ̀ tó kù sí wọn lọ́wọ́ kò tó, igbó kò sì ráyè hù padà mọ́. Ìjọba tó rán Baker níṣẹ́ gan-an ló dá apá kan nínú ìṣòro tó ní kó lọ yanjú sílẹ̀. Ó yẹ ká sọ èyí, kí a má baà rò pé àwọn ọmọ onílẹ̀ nìkan ló jẹ̀bi.

Owó tí ìjọba fún ẹ̀ka rẹ̀ kò tó gbin igbó. Ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń gbà nígbà náà ni kí wọ́n pàṣẹ, kí wọ́n sì fi ìyà jẹ ẹni tó bá rú u. Baker kò gba ọ̀nà yẹn. Ó pe àwọn àgbààgbà jọ, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa gbin ọmọ igi sáàárín àgbàdo àti iṣu wọn, tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá kúrò lórí ilẹ̀ náà, igbó tuntun ni wọn yóò fi sílẹ̀ sẹ́yìn. Èsì tí wọ́n fún un ni pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni igi gbígbìn, kì í ṣe iṣẹ́ ènìyàn. Ọlọ́run ló gbin èyí tó wà nílẹ̀, òun náà ni yóò gbin òmíràn.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí. Èsì àwọn àgbààgbà yẹn kò jìnnà sí ohun tí àwa náà máa ń sọ. Bí gọ́tà bá dí, a ó ní Ọlọ́run á ṣàánú. Bí èéfín bá gba ojú ọ̀run, a ó ní ká ṣáà máa gbàdúrà. Baker kò bá wọn jiyàn pé kì í ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run. Ó gbà pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ó kàn ṣàlàyé pé inú èso àwọn igi àgbà ni Ọlọ́run fi irúgbìn igi tuntun sí. Bí ènìyàn bá wá gé gbogbo igi àgbà tán, ibo ni irúgbìn yóò ti wá? Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wọ́n létí.

Lẹ́yìn náà ló ṣàkíyèsí ohun kan. Àwọn Kíkúyú ní ijó tí wọ́n ń jó nígbà tí wọ́n bá gbin ẹ̀wà, wọ́n sì ní èyí tí wọ́n ń jó nígbà ìkórè. Kò sí ohun pàtàkì tí wọ́n ń ṣe láìsí ijó. Ló bá dábàá pé kí wọ́n dá ijó tuntun sílẹ̀, Ijó Igi. Olóyè Josiah Njonjo wà lára àwọn tó bá a mú ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Ọmọ Njonjo yìí, Charles, ló wá di agbẹjọ́rò àgbà àkọ́kọ́ fún orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà lẹ́yìn òmìnira.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 1922, àwọn ọ̀dọ́kùnrin jagunjagun tí iye wọn tó nǹkan bí 3,000 péjọ sí àgọ́ Baker ní Muguga, pẹ̀lú ẹwù ijó wọn. Lẹ́yìn ijó, ó béèrè àwọn tó fẹ́ yọ̀ǹda ara wọn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mú, àwọn ni wọ́n sì ń pè ní Watu wa Miti, ìyẹn Àwọn Èèyàn Igi. Ẹ̀jẹ́ tí wọ́n jẹ́ níwájú Ọlọ́run ni pé àwọn yóò dáàbò bo igbó ìbílẹ̀, àwọn yóò gbin igi mẹ́wàá lọ́dọọdún, àwọn yóò sì máa tọ́jú igi níbikíbi tí àwọn bá ti rí i. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kí ara wọn ni Twahamwe, tó túmọ̀ sí pé kí gbogbo wa fà á pọ̀ bí ẹnì kan. Àwa náà ní òwe rẹ̀: igi kan kì í dá igbó ṣe.

Iṣẹ́ tí ìjọba kò lówó rẹ̀ wá di iṣẹ́ iyì láàárín àwọn ọ̀dọ́. Àwọn tó ń jagun tẹ́lẹ̀ ń hu ọmọ igi, wọ́n ń pọn omi sí i, wọ́n sì ń gbìn ín. Baker kò fún wọn ní àṣà tirẹ̀. Inú àṣà àwọn fúnra wọn ló ti bá wọn sọ̀rọ̀, ohun tó sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nìyẹn.

Ó dé Nàìjíríà

Ní ọdún 1925, wọ́n gbé Baker wá sí ìhà gúúsù Nàìjíríà, agbègbè Bẹ̀nín ló sì ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, títí di ọdún 1929. Nígbà yẹn, ìlú Port Harcourt tí a wà yìí kò tíì pé 20 ọdún. Wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wa epo rọ̀bì jáde. Igi àti epo pupa ni òyìnbó ń wá. Ọ̀gànwó wa ni wọ́n fi ń ṣe àga àti tábìlì àwọn olówó ní Lọ́ńdọ̀nù. Títí di òní, orúkọ ìlú Sapele ni wọ́n fi ń pe irú pákó kan káàkiri àgbáyé.

Nínú igbó Bẹ̀nín, Baker rí igi tó jẹ́ pé bí ọkùnrin mélòó kan bá di ọwọ́ mú, wọn kò lè yí ìdí rẹ̀ ká. Ó tún rí i pé bí wọ́n bá gé ọ̀kan nínú wọn, kì í ṣe igi kan ló lọ. Bó bá ń ṣubú, á wó ọ̀pọ̀ mìíràn mọ́lẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n bá là láti wọ́ ọ jáde á tún pa òmíràn, ọmọ ọ̀gànwó tuntun kì í sì í dàgbà láàárín ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó bá gbin ọ̀gànwó lónìí, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni yóò jẹ èrè rẹ̀. Iṣẹ́ Baker ni láti wá ọ̀nà tí wọ́n á fi máa gé igi kí igbó má sì tán. Lásìkò yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn àgbẹ̀ sínú ètò igbó ọba ní Sapoba, nítòsí Bẹ̀nín. Wọ́n á fún àgbẹ̀ láyè láti gbin iṣu àti àgbàdo, òun náà á sì máa tọ́jú ọmọ igi tó wà láàárín wọn.

Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé pé ìjọba amúnisìn ló ń sanwó oṣù rẹ̀. Ìjọba yẹn fi òfin gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ igbó lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, ó sì fi èrè igi rẹ̀ ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n láàárín irú ìjọba bẹ́ẹ̀, ọkùnrin yìí kò gbà pé kí wọ́n máa fi ọwọ́ tó bá wù wọ́n mú ènìyàn. Lásìkò iṣẹ́ rẹ̀ ní Áfíríkà, ọ̀gá òyìnbó kan gbé ọwọ́ sókè láti lu ọmọ Áfíríkà kan. Baker bọ́ sáàárín wọn, òun ni nǹkan náà sì bà. Ẹni tó bá mọ bí iṣẹ́ ìjọba ṣe rí nígbà náà yóò mọ̀ pé irú ìwà bẹ́ẹ̀ kì í mú ènìyàn gba ìgbéga.

Nígbà tó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀

Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ láì tíì pé ọmọ 41 ọdún. Kò ní owó púpọ̀, kò sì ní oyè. Ohun tó ní ni ẹgbẹ́ tó ti dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1924, Men of the Trees, tó jẹ́ ọmọ Watu wa Miti ti Kẹ́ńyà. Ẹ kíyè sí i pé láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà ni nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹgbẹ́ náà wà títí di òní. International Tree Foundation ni wọ́n ń pè é báyìí.

Ó lọ sí Palẹ́sítínì láti ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí igi gbígbìn. Ó kọjá sí Amẹ́ríkà, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún bá àwọn ènìyàn Kalifọ́níà jà fún àwọn igi redwood wọn, tí àwọn kan nínú wọn ti wà kí wọ́n tó bí Jésù Olúwa wa. Ní ọdún 1952 sí 1953, nígbà tó ti lé ní ọmọ 60 ọdún, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wa ọkọ̀ la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, ìrìn tó tó máìlì 9,000, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí bí aṣálẹ̀ náà ṣe ń sún síwájú. Nígbà tó dé, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé kí àwọn orílẹ̀-èdè tó yí Sàhárà ká pa owó àti agbára pọ̀ láti fi igi sé e mọ́. Ọ̀pọ̀ ló rò pé àlá ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2007, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà dá ètò tó fara jọ ọ́ sílẹ̀, èyí tí wọ́n pè ní Great Green Wall. Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ mọ́kànlá ní òkè ọya ló sì kàn.

Nígbà tó di ọmọ ọdún 74, New Zealand ló ń gbé. Ó gun ẹṣin la orílẹ̀-èdè náà já láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, ó ń yà ní ilé ìwé kan lẹ́yìn òmíràn láti bá àwọn ọmọdé sọ̀rọ̀ nípa igi. Ọ̀pọ̀ ìwé ló kọ. Ní ọdún 1971, Yunifásítì Saskatchewan tó ti fi ṣe ilé ẹ̀kọ́ nígbà èwe rẹ̀ fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé. Ní ọdún 1978, ọba obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè OBE.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1982, tó jẹ́ Ọjọ́ Àyíká Lágbàáyé, ó gbin igi kan ní Saskatoon. Ẹni ọdún 92 ni, ara rẹ̀ kò sì le mọ́. Òun ni igi tó gbìn kẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà, ó kú, wọ́n sì sin ín sí ìlú náà. Igbó ńlá kan wà ní ìgbèríko Saskatoon tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, níbi tó jẹ́ pápá gbalasa nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀.

Ohun tí a kò ní fi pamọ́

Bí a bá sọ ìtàn ẹni, ó yẹ ká sọ ọ́ tán. Ní ọdún 1924, Baker bá àwọn ẹlẹ́sìn Bàháì pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì dara pọ̀ mọ́ wọn títí tó fi kú. Ìgbàgbọ́ yẹn kì í ṣe tiwa. Àwa gbà pé Jésù nìkan ni ọ̀nà. Ó sì dunni pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà tó kọ́kọ́ mọ̀. A kò pe ẹnikẹ́ni láti tẹ̀ lé e nínú ẹ̀sìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Jésù Olúwa fi ará Samáríà ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn Júù tó mọ òfin. Àlùfáà kọjá, ọmọ Léfì kọjá, àlejò tí ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwọn ló dúró. Bí a bá rí ẹni tí kì í ṣe ọ̀kan lára wa tó fi 60 ọdún tọ́jú ilẹ̀ tí Ọlọ́run dá, kò yẹ kí a fi ẹ̀sìn rẹ̀ ṣe àwáwí láti kọjá lọ. Ó yẹ kó jẹ́ ìpèníjà fún wa. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 2, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Ọlọ́run fún Ádámù ni pé kó máa ro ọgbà, kó sì máa ṣọ́ ọ. Kò tíì sí ẹ̀ṣẹ̀ nígbà yẹn, kò sì tíì sí ìwàásù. Ábúráhámù pàápàá, nígbà tó dé Bíáṣébà, igi ló gbìn síbẹ̀ kó tó ké pe orúkọ Olúwa.

Kí ló kàn wá ní Port Harcourt?

Láti nǹkan bí ọdún 2016 ni èéfín dúdú ti ń dà wá láàmú nínú ìlú yìí. Ẹ ti rí i lára ògiri, lára aṣọ tí ẹ sá, àti nínú ihò imú yín láàárọ̀. Wọ́n ń fọ epo nínú igbó láìgba àṣẹ, ìjọba náà sì ń dáná sun epo tí wọ́n bá gbà. Ní Ògóní tí kò jìnnà sí wa, àjọ tó ń rí sí àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìwádìí jáde ní ọdún 2011 pé ó lè gba ọdún 25 sí 30 kí ilẹ̀ àti omi ibẹ̀ tó padà sípò. Màǹgíróòfù, igi etí omi tó ń fi gbòǹgbò dúró nínú ẹrẹ̀, tí ẹja ń yé sí abẹ́ rẹ̀, ti kú lọ súà nítorí epo tó dà sómi. Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ láti tún wọn gbìn.

Àwọn tí yóò ṣe iṣẹ́ ọdún 30 yẹn, àwa ni. Àwọn kan nínú wa ni yóò wà ní àjọ ìjọba, nínú ọ́fíìsì tí kò ní AC, tí wọ́n á máa fọwọ́ sí ìwé. Ẹni kan á gbé àpòòwé wá fún wọn pé kí wọ́n má wo odò tó dúdú. Ibẹ̀ ni a ó ti mọ ẹni tó ka iṣẹ́ ìjọba sí iṣẹ́ Olúwa. Arákùnrin tàbí arábìnrin tí wọ́n fún ní Fọ́rẹ́sìrì dípò Mẹ́dísìn, má ṣe sunkún mọ́. Ó lè jẹ́ pé ibi tí Ọlọ́run ń fẹ́ ọ gan-an nìyẹn.

Ohun kejì ni ọ̀nà tí Baker gbà ṣe é. Bó bá jẹ́ àṣẹ ló pa, àwọn Kíkúyú ìbá ti gbin igi lójú rẹ̀, kí wọ́n sì fà á tu nígbà tó bá yí ẹ̀yìn. Ijó ló fi pè wọ́n. Àwa nínú ìdàpọ̀ yìí ní orin, a ní ìlù, a ní ìpàdé ìkíni káàbọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lọ́dọọdún. Kí ló dé tí ìpàdé yẹn kò lè parí sí ìdí ihò tí a gbẹ́, pẹ̀lú ọmọ igi lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kọ̀ọ̀kan? Kó fún igi náà ní orúkọ, kó máa bomi rin ín fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún tó máa lò níbí, kó sì fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ nígbà tó bá ń lọ sìnlú. Nígbà ìsinmi, kí àwọn tó ń gbé nítòsí máa yà wò wọ́n. Igi ìbílẹ̀ ni kí a gbìn, irú èyí tó mọ òjò àti ilẹ̀ ibí.

Kì í ṣe Baker ló gbin gbogbo igi Kẹ́ńyà. Ọdún 55 lẹ́yìn Ijó Igi, ọmọbìnrin Kíkúyú kan, Wangari Maathai, kó àwọn obìnrin abúlé jọ ní ilẹ̀ kan náà, ó sì dá ẹgbẹ́ Green Belt sílẹ̀ ní 1977. Wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Nobel ti Àlàáfíà ní ọdún 2004. Iṣẹ́ tó dára máa ń rí ẹni tí yóò bá a lọ, bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àwọn baba wa ní bí a bá ń gé igi nígbó, ká fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Ẹ jẹ́ ká fi í rò ó ní ọ̀sẹ̀ yìí, ká sì mú un wá sínú àdúrà wa. Kí Olúwa tó dá ilẹ̀ àti ẹ̀kún rẹ̀ fún wa ní ọwọ́ tó ń gbìn àti sùúrù tó ń dúró de ìdàgbà, lórúkọ Jésù. Àmín.